Àwọn Tó Ní Kí Bàbá Jókòó

Ẹlòmíì, tí ọwọ́ ẹ̀ bá dilẹ̀, bọ́ọ̀lù ló máa wò. Ẹlòmíì á jókòó, á máa hun súwẹ́tà tí ẹnì kankan ò ní wọ̀. Nọ́ọ̀sì tí mò ń sọ yìí ò ráyè ìyẹn. Ìran bàbá tó bí ìyá rẹ̀ ló ń tọpinpin. Tó bá ti di ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, á wọ bàtà pẹlẹbẹ, á gbé báàgì kọ́ èjìká, ó di ilé àwọn arúgbó tí kò bá a tan rárá. Á jókòó tì wọ́n, á máa bi wọ́n ní ohun tí ọmọ bíbí inú wọn ò bi wọ́n rí. Àwọn ẹbí ti sọ ọ́ ní Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Tí wọ́n bá rí i tó ń wọlé bọ̀ tòun ti eruku ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n á ní, "Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ta lo rí mú lónìí?" Òun náà á ní, "Mi ò tíì mú ẹnì kankan, àmọ́ ẹ má sùn o, ó lè kàn yín."

Ẹ̀rín lẹ́nu, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ẹ̀rín pátápátá. Atẹ̀wé ni Bàbá Àgbà yìí. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ló ṣe títí agbára fi tán, nínú ilé kan náà tó ń gbé. Ilé náà kì í ṣe ti bàbá rẹ̀. Atẹ̀wé kan tí kò bímọ ló ni ín tẹ́lẹ̀. Inú ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin yẹn ni wọ́n ti bá Bàbá nígbà tó wà ní kékeré, tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì onígi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, tí ẹnikẹ́ni ò sì wá mú un. Atẹ̀wé yẹn tọ́ ọ, ó kọ́ ọ níṣẹ́, nígbà tó sì kú, ó fi ilé sílẹ̀ fún un. Ibi tí ìtàn Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ohun tó ṣíwájú ẹ̀ ṣókùnkùn biribiri.

Tí ẹ bá bi Bàbá léèrè àwọn èèyàn rẹ̀, èsì kan ṣoṣo ló ní, kì í sì í yí i padà: "Wọ́n ní kí n jókòó síbí. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Mo jókòó, wọn ò dé." Lẹ́yìn náà á béèrè omi, tàbí kó bẹ̀rẹ̀ sí í bá rédíò jà. Ìyá nọ́ọ̀sì, tí í ṣe àkọ́bí Bàbá, ti gbọ́ gbólóhùn yẹn láti kékeré, ó sì ti túmọ̀ ẹ̀ fún àwọn ọmọ tiẹ̀ náà: bàbá àti ìyá Bàbá ló gbé e jù síbẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ. Ó wá fòfin dè é pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bi Bàbá ju bẹ́ẹ̀ lọ. "Egbò ni," ó ní. "Ẹ má fọwọ́ kàn án." Ni gbogbo ilé bá panu mọ́, tó fi dórí Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ń bi gbogbo ayé ní ìbéèrè.

Tọkọtaya ni nọ́ọ̀sì ń wá, nígbà yẹn. Ó wá wọn títí. Ó bi àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì. Ó bi àwọn ìyá tó ti pẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó bi àwọn bàbá tó ti pẹ́ ní mọ́ṣáláṣí. Wọ́n júwe tọkọtaya kan fún un tí wọ́n sọ ọmọ nù lóòótọ́. Ó sáré débẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, àṣé ọmọ ọ̀hún ti padà wálé kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná lọ́jọ́ náà gan-an. Ọmọ náà ti di lọ́yà. Òun fúnra ẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún un.

Ó tiẹ̀ gbé e dé ilé iṣẹ́ rédíò. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tó máa ń ka ìkéde àwọn tí wọ́n ń wá èèyàn wọn, ó sì bá a kà á pẹ̀lú ohùn tó lè pa èèyàn lẹ́kún: "A ń wá bàbá àti ìyá kan tí wọ́n fi ọmọ wọn ọkùnrin sílẹ̀ ní ilé ìtẹ̀wé tó dojú kọ ilé ìwòsàn àtijọ́, lọ́dún tí ibà ńlá jà." Ẹnì kan ṣoṣo ló pè, oògùn ìrántí ló sì fẹ́ tà.

Ẹlòmíì ì bá ti jáwọ́. Nọ́ọ̀sì ní òun ò jáwọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sòótọ́, eré ọwọ́dilẹ̀ ṣì ni títí di ìgbà yẹn, tó bá yá á yá, tí ò bá yá kò sí ẹni tó máa kú. Àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ títì dé.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá fi ọ̀dà pupa sàmì sára ilé gbogbo tó wà lápá ọ̀tún títì. Wọ́n fẹ́ mú kí títì fẹ̀ sí i. Wọ́n fún àwọn onílé ní ohun tó tọ́ sí wọn, wọ́n ní kí kálukú máa kó ẹrù. Gbogbo àdúgbò kó. Ìyá nọ́ọ̀sì ti tún yàrá kan ṣe sílẹ̀ nílé tiẹ̀ fún Bàbá, yàrá tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ dáadáa, tí kò jìnnà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ibùsùn tí kò ga. Ó débẹ̀, ó sọ fún Bàbá. Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi aṣọ bò, ó ní òun ò lọ.

"Ẹ ò lọ kẹ̀? Bàbá, wọ́n máa wó ilé yìí."

"Tí wọ́n bá dé ńkọ́?"

"Àwọn wo?"

"Àwọn tó ní kí n jókòó."

Ìyá nọ́ọ̀sì káwọ́ lérí. "Bàbá! Àwọn èèyàn tí wọ́n ti kú tipẹ́tipẹ́!"

"Ìwọ lo sin wọ́n?" ni Bàbá wí, ó sì béèrè omi.

Ó bẹ̀ ẹ́. Ó kúnlẹ̀. Ó sunkún. Ó pe àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, àwọn náà wá bẹ̀ ẹ́. Bàbá ń wò wọ́n ṣáá. Nígbà tó yá, wọ́n kóra jọ sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n pinnu pé bí katakata tó ń wólé bá ti wọ àdúgbò, àwọn á gbé Bàbá bó ṣe jókòó yẹn, tòun ti bẹ́ǹṣì, sínú mọ́tò.

"Ẹ ò ní gbé e," ni nọ́ọ̀sì sọ.

"Ta lo ń bá wí?" ìyá rẹ̀ dá a lóhùn.

"Ẹ má bínú, mà. Àmọ́ bí ẹ bá fi tipátipá gbé bàbá yẹn kúrò lórí bẹ́ǹṣì, kò ní jẹun, kò ní sọ̀rọ̀, yóò sì kú sí yàrá tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ dáadáa yẹn. Mo ti rí irú ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ fún mi láyè, màá wá àwọn èèyàn ẹ̀ kàn. Bó ṣe ibojì wọn ni mo rí, màá mú un débẹ̀, á fojú ara ẹ̀ rí i."

"Àwọn tí o ti ń wá láti ọjọ́ yìí? A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ọmọ yìí. Katakata ò ní fún ẹ láyè."

"Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké," ni nọ́ọ̀sì wí. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde, inú ń bí i, ẹ̀rù sì ń bà á, nítorí kò mọ ibi tó kù tí òun ò tíì wá.

Ibi iṣẹ́ ni ilẹ̀kùn ti ṣí fún un, lórí ọ̀rọ̀ tí kò kan Bàbá rárá.

Òun ló wà nídìí fóònù lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ọkùnrin kan ló pè, ó ń pariwo bí ẹni tí ilé ń jó. "Nọ́ọ̀sì, ẹ gbà wá o! Oúnjẹ àná ni wọ́n jẹ, wọ́n ti ń bì látàárọ̀, wọn ò lè dìde mọ́! A ti ń gbé wọn bọ̀!" Ó gbé fóònù sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì figbe ta. Ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n tẹ́ gbogbo ibùsùn. Wọ́n gbé ike omi tí wọ́n ń fà síni lára kọ́ lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n lé àwọn tí orí kàn ń fọ́ jáde sí kọ́rídọ̀, wọ́n ránṣẹ́ pe dókítà nídìí oúnjẹ, ó dé tòun ti ṣíbí lọ́wọ́. Mọ́tò já wọlé, ó dúró. Ìyá arúgbó kan tín-ín-rín ló sọ̀ kalẹ̀, ó há báàgì mọ́ abíyá, ó fajú ro.

"Àwọn tó kù dà?" ni dókítà béèrè.

"Àwọn tó kù bíi ti báwo?" ni ọkùnrin yẹn wí. "Ìyá ìyàwó mi nìkan ni."

"O ní wọ́n ń bì!"

"Wọ́n ń bì ni. Àbí kí n ní ìyá ìyàwó mi 'ń bì', bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ mi?"

Ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Wọ́n ń tú ike omi kúrò, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Nọ́ọ̀sì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí ibùsùn tó ṣófo, ó ń sọ ọ́ sábẹ́ ẹnu: "Wọ́n ní kí n jókòó síbí. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀." Áà! Èdè wa yìí! A bọ̀wọ̀ fúnni títí ẹnì kan fi di ọ̀pọ̀ èèyàn. Ó gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó sì gba títì lọ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn.

Bàbá wà níbi tó máa ń wà. Nọ́ọ̀sì ò tiẹ̀ kí i tán.

"Bàbá, ẹ dákun. Àwọn tí wọ́n ní kí ẹ jókòó, ẹni mélòó ni wọ́n?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ẹnì kan ni."

"Ẹnì kan! Bàbá, 'wọ́n' lẹ̀ ń sọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí màmá mi!"

"Kí wá ni kí n sọ?" Inú bí Bàbá. "Kí n máa pe ẹni tó jù mí lọ ní 'ó', bí ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé? Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n."

"Ẹ̀gbọ́n yín. Ọkùnrin àbí obìnrin?"

"Obìnrin."

"Ẹ̀gbọ́n yín náà ti dàgbà tó báwo nígbà yẹn?"

Bàbá na ọwọ́ rẹ̀ síwájú, ó gbé e sókè díẹ̀ ju bẹ́ǹṣì lọ. "Wọ́n ga tó báyìí. Eyín iwájú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà ni."

Ọmọdébìnrin tí eyín rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ni bàbá arúgbó yìí ń pè ní "wọ́n" láti àárọ̀ ọjọ́ rẹ̀, tí gbogbo ẹbí sì ń ṣépè fún tọkọtaya tí kò sí níbì kankan.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Ẹ ò bi mí. Ìwọ tó o ń bi gbogbo ayé, ǹjẹ́ o bi mí rí?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì. "Mo ń bi yín báyìí, sà."

Ni Bàbá bá sọ ọ́. Bàbá tiwọn ti kú. Ìyá wọn ń ṣàìsàn, wọ́n gbé e wá sí ilé ìwòsàn tó wà lódì kejì títì, èyí tí wọ́n ti sọ di ilé ìkẹ́rùsí báyìí. Wọn ò gba ọmọ kékeré láyè kó wọlé. "Wọ́n wá mú mi sọdá síbí," ni Bàbá wí. Nọ́ọ̀sì yára dá a dúró: "'Wọ́n' wo nìyẹn, Bàbá? Màmá yín ni àbí ẹ̀gbọ́n yín?" Bàbá wò ó bí ẹni pé orí rẹ̀ ti ń dàrú. "Ẹ̀gbọ́n mi ni. Wọ́n ní kí n máa ka bébà tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Wọ́n ní kí n tó kà á dé ogún, àwọn á ti wo màmá wa, àwọn á ti dé."

Ó ń fi àtàǹpàkò ra etí bẹ́ǹṣì.

"Mi ò mọ ogún. Mẹ́wàá ni mo mọ̀. Tí mo bá ti dé mẹ́wàá, màá tún bẹ̀rẹ̀ látorí ení. Mo kà á títí atẹ̀wé fi pa ẹ̀rọ. Ó pẹ́ tí mo ti mọ̀ lọ́kàn ara mi pé torí mi ò kà á pé ni wọn ò ṣe dé."

Nọ́ọ̀sì tí mò ń sọ yìí ti pa òkú lójú dé láìmọye ìgbà, kò sunkún. Ó sunkún lọ́jọ́ náà. Ó di Bàbá lọ́wọ́ mú, ó sunkún bí ọmọdé, Bàbá sì ń bá a wí pé kí ló ń pa á lẹ́kún, ṣebí òun ló béèrè.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ìtàn yìí náà, ṣé ẹ ti rí i pé "ó" ni mo ń pe Bàbá látìbẹ̀rẹ̀? Kì í ṣe pé wọn ò kọ́ mi nílé. Mo fẹ́ kó dá yín lójú pé ẹnì kan ni. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.

Láti ibẹ̀, ilé iṣẹ́ rédíò ni nọ́ọ̀sì kọrí sí. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní ètò ọ̀sẹ̀ yẹn ti kún, kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nọ́ọ̀sì ní katakata ò mọ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó fa àga kan, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, tó jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ kọjá gbọ́dọ̀ gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí itan rẹ̀. Àárẹ̀ mú ọkùnrin náà, ó gba bébà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe kà á wò, ó fẹ́ tún un ṣe.

"Àgbàlagbà ni yóò ti jẹ́ báyìí. 'Wọ́n mú àbúrò wọn jókòó' ló yẹ ká sọ."

"Rárá o!" ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ fi 'ó' pè é. Tó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ó di ọrùn mi."

Báyìí ló ṣe kà á: "A ń wá obìnrin kan tó ti dàgbà. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ó mú àbúrò rẹ̀ ọkùnrin jókòó ní ilé ìtẹ̀wé, ó ní kó máa ka bébà. Àbúrò rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀." Ó kà á láàárọ̀, ó tún kà á lọ́sàn-án. Nọ́ọ̀sì ò jẹ́ kí fóònù rẹ̀ jìnnà sí i, ó ń gbé e wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Katakata ti wọ orí títì. Wọ́n ti wó ilé gbẹ́nàgbẹ́nà tó wà ní igun, eruku rẹ̀ sì ti bo fèrèsé Bàbá.

Àárọ̀ ni ìpè wọlé. Ohùn arúgbó ni, àmọ́ kò gbọ̀n.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ gbé ìkéde sórí rédíò?"

"Èmi ni, mà."

"Àbúrò mi ti kú."

"Ta ló sọ fún yín, mà?"

"Nọ́ọ̀sì ni." Ìyá náà mí kanlẹ̀, ó sì sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ti tò ó sílẹ̀ tipẹ́. Ó yọ́ wọ wọ́ọ̀dù lọ wo ìyá rẹ̀, ó dá kú síbẹ̀, ibà náà ti mú òun náà. Nígbà tó lajú, ó béèrè, "Màmá mi ńkọ́? Àbúrò mi ńkọ́?" Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ fọwọ́ pa á lórí, ó ní, "Wọ́n ti lọ, ọmọ mi." Àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ ló wá mú un lọ sí ìlú mìíràn. "Àwọn méjèèjì ni mo gbọ́. Àwọn méjèèjì ni mo sunkún wọn."

"Mà," ni nọ́ọ̀sì tiwa wí, "nọ́ọ̀sì yẹn ò fojú kan àbúrò yín rí. Màmá yín nìkan ló ń sọ. Òkú àgbà ló ń bọ̀wọ̀ fún."

Nọ́ọ̀sì gbé fóònù kúrò létí, ó wò ó. Ó rò pé fóònù ti já.

"Mo gbọ́ ìkéde yín ti àkọ́kọ́," ni ìyá náà wí níkẹyìn. "Ẹ ní bàbá àti ìyá tí wọ́n gbé ọmọ wọn jù. Mo ní èèyàn burúkú ni wọ́n. Mo ṣépè fún wọn." Ó wá béèrè ohun tó ń bẹ̀rù láti béèrè. "Ṣé ilé ìtẹ̀wé yẹn náà ló ṣì wà?"

"Ibẹ̀ náà ni. Wọ́n fẹ́ wó o. Àbúrò yín ò gbà láti dìde."

"Ẹ má jẹ́ kí wọ́n wó o. Mò ń múra."

Ọmọ rẹ̀ ló fi mọ́tò gbé e dé lọ́jọ́ kejì. Katakata ti wà níwájú ilé kejì sí ti Bàbá, ó ń kùn. Nọ́ọ̀sì dúró sí iwájú awakọ̀ rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ní kò ní kọjá àfi tó bá gba orí òun, ọkùnrin náà sì pa ẹ́ńjìnnì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ wá omi mu. Àpótí ẹrù Bàbá wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá nọ́ọ̀sì àti àwọn àbúrò rẹ̀ ti ká aṣọ sókè, wọ́n ti ṣe tán láti gbé bẹ́ǹṣì.

Ìyá àgbà náà tọ ọ̀pá wọlé. Ó dúró. Ojú Bàbá ò ríran dáadáa mọ́, àmọ́ ó mọ̀. Ó ń wò ó.

"Mi ò kà á dé ogún," ni Bàbá wí. "Ẹ má bínú."

"Mo mọ̀," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "O ò mọ ogún. Mo mọ̀ pé o ò mọ ogún, ìdí tí mo fi ní kó o kà á dé ogún nìyẹn, kó o má baà dìde tẹ̀ lé mi wọ inú àìsàn yẹn. Èmi ni mo dá a sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwọ ò ṣe nǹkan kan."

Bàbá bú sẹ́kún. Ẹkún tí àwọn ọmọ rẹ̀ ò gbọ́ rí láti ọjọ́ tó ti bí wọn ni, ẹkún ńlá, gbogbo ara rẹ̀ ń mì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì jókòó tì í, ó fi ìborùn rẹ̀ nù ún nímú láìtijú. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ìyá náà gbójú sókè, ó rí ọ̀dà pupa lára ògiri, ó rí àpótí ẹrù lẹ́nu ọ̀nà. Ó fi ọ̀pá kan ilẹ̀.

"Ó tó. Dìde, ká máa lọ."

Bàbá dìde. Kò jiyàn, kò béèrè ibi tí wọ́n ń lọ, ó ní kí wọ́n mú bàtà òun wá.

Ìyá nọ́ọ̀sì dúró sójú kan, apá aṣọ rẹ̀ ṣì wà ní kíká. "Bàbá! Mo bẹ̀ yín, mo kúnlẹ̀, mo sunkún, ẹ ò dá mi lóhùn. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló jáde lẹ́nu wọn, ẹ ti dìde!"

Bàbá ń ti ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú kó má baà ṣubú.

"Ṣé ìwọ lo ní kí n jókòó ni?"